Òkéré Olóhùn Iyọ̀ àti Òrùlé Ìjàpá

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun yó lẹ dáhùn báyìí, àbí àwọn tó ṣì ń retí ẹ̀wà orí iná? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ ibí. Àdùkẹ́, gbé orí àbúrò rẹ sórí itan, oorun ti ń gbé e lọ. Ìyá Àgbà, ẹ na ẹsẹ̀ yín, ẹní yìí gba gbogbo wa. Àlọ́ mi ta gìrì, ó fò lórí igi, ó fò lórí pápá, kò bà síbì kankan, àfi orí Òkéré olóhùn iyọ̀, àti Ìjàpá tó ń ta òrùlé fún ará ìlú nígbà tí ilé tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ìlú ẹranko kan wà tí wọ́n ń pè ní Etí-Ọ̀dàn. Ẹfọ̀n ni Baálẹ̀ ibẹ̀. Ìlú tó tòrò ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, iná ọ̀dàn sọ. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó di inú ìlú. Kí wọ́n tó fi omi odò pa á, gbogbo òrùlé ti di eérú. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọpẹ́ ni. Ògiri dúró. Iṣu wọn náà kò jó, nítorí inú kòtò ni wọ́n ń kó o sí. Ṣùgbọ́n ilé tí kò lórùlé, ṣé ilé ni?

Rárá o!

Ẹ ṣeun. Lákọ̀ọ́kọ́, kò tilẹ̀ dun wọ́n púpọ̀. Ọyẹ́ ti lọ, ooru mú. Àwọn ọmọdé ń sùn, wọ́n ń ka ìràwọ̀ láti orí ẹní, wọ́n ní kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ títí. Àwọn àgbà ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ojú ọ̀run, wọ́n ń mi orí. Òjò ń bọ̀. Bí òjò bá bá ìlú ní ìhòòhò báyìí, ibo ni ìkókó yóò sùn? Ibo ni arúgbó yóò forí pamọ́ sí?

Nínú ìlú yìí ni Òkéré ń gbé. Ọmọbìnrin ni, ara rẹ̀ yá gágá, ìrù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, Òkéré fẹ́ràn ọjà títà! Àwọn mìíràn ń tajà nítorí ebi. Òkéré, bó yó, á tà. Bí ebi ń pa á, á tà. Bó bá ti gbé igbá karí, ojú rẹ̀ á máa dán, ìrù rẹ̀ á nà sókè, ohùn rẹ̀ á sì dùn débi pé ẹni tí ọ̀fun ń dùn á ra ata lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ta òòyà fún Ìgbín rí. Ìgbín gbé òòyà délé, ó wo ara rẹ̀ lókè, ó wo ara rẹ̀ nílẹ̀, ó padà wá.

"Òkéré, irun wo ni kí n fi yà?"

Òkéré wo orí Ìgbín. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbín náà bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Òkéré kò gba òòyà padà o.

Ibi tí ó kù sí nìyẹn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tà. Kò mọ ohun tó ń tà, kò sì bìkítà láti mọ ẹni tó ń tà á fún.

Ní ìsàlẹ̀ ìlú, ní àfonífojì tútù kan tí iná kò dé, Ọ̀yà ń gbé. Àgbàlagbà ni, kò sì sí ẹni tó mọ koríko bíi tirẹ̀. Eyín ló fi ń gé bẹẹrẹ, koríko gígùn tí wọ́n fi ń bo ilé. Ó mọ èyí tó gbó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń dì í, bí ìdì kan ṣe gbọ́dọ̀ gun èkejì lẹ́yìn kí omi má bàa rí àlàfo. Ìdì bẹẹrẹ kún ilẹ̀ níbẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán. Ṣùgbọ́n ẹnu Ọ̀yà korò ju ewúro lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ni Ọ̀yà ń yọ láràárọ̀.

Ewúrẹ́ lọ bá a. "Bàbá Ọ̀yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé bẹẹrẹ yìí á lẹ́wà lórí ilé mi?"

Ọ̀yà kò gbójú sókè. "Ilé lo fẹ́ bò ni, àbí ọkọ lò ń wá fún un?"

Ewúrẹ́ gbọn etí, ó bá tirẹ̀ lọ. Báyìí ni wọ́n ń wá, báyìí ni wọ́n ń fi ìbínú padà. Bẹẹrẹ wà nílẹ̀, ilé wà ní ìhòòhò, òjò ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò rà.

Òkéré gbọ́, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó sáré lọ sí àfonífojì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ fún mi ní bẹẹrẹ yìí kí n bá yín tà á. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ó máa wá ìdì kan tì!"

Ọ̀yà wò ó. "Bí wọ́n bá fẹ́ bo ilé, ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, òkè ni àbí ìsàlẹ̀?"

"Hẹ̀n?"

"Bí wọ́n bá gé bẹẹrẹ lónìí, ìgbà wo ni wọ́n lè fi bolé?"

"Bàbá, ẹ sá jẹ́ kí n tà á ná."

"Jókòó. Máa wò mí. Nígbà tó o bá mọ̀ ọ́n, wàá tà á."

Òkéré jókòó. Ọ̀yà gé, ó ṣà, ó dì. Ó tún gé, ó tún ṣà, ó tún dì. Ìrù Òkéré bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kí oòrùn tó dé àárín orí, oorun ti ń kùn ún. Ó fò dìde.

"Bàbá, ẹnu ni wọ́n fi ń tajà o, wọn kì í fi eyín tà á!"

Ó fò sórí igi, ó di àwátì.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà lábẹ́ igbó, tó na ọrùn, tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni?

Ìjàpá!

Ẹ mọ̀ ọ́n! Ta ni kò mọ alábahun? Ìjàpá kò wá òrùlé ní tirẹ̀. Bí iná bá sọ, á sá tòun tilé. Bí òjò bá dé, á fa orí wọlé, ó parí. Iṣu ni tirẹ̀. Ó ti ń ro iṣu inú kòtò àwọn ará ìlú láti ọjọ́ tí iná ti jó, kò mọ bí yóò ṣe dé ibẹ̀. Ó wá rí Òkéré lókè igi, tó ń ráhùn, ó rí ọ̀nà.

"Àbúrò mi, olóhùn iyọ̀! Ta ló múnú bí ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n Ìjàpá, Bàbá Ọ̀yà ni. Mo ní kí n bá wọn tajà, wọ́n ní kí n jókòó kí n máa wo eyín àwọn."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì. "Irú ẹ kọ́ ló yẹ kó máa ta koríko. Sọ̀ kalẹ̀, wá wo nǹkan."

Ó mú un lọ sẹ́yìn àpáta kan. Ẹ̀yin ọmọ, ewé ńláńlá ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ wọn léra, wọ́n ń dán yinrin bí ojú omi. Ìjàpá bu omi sínú igbá, ó dà á lé ewé. Omi yọ̀ ṣọ̀ọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ìkán omi kan kò dúró.

"Òjò-ò-wọlé ni orúkọ rẹ̀," ni Ìjàpá wí. "Ìlú òkèèrè ni mo ti rù ú wá. Àwọn ọba ibẹ̀ nìkan ló ń fi bolé."

"Ẹ̀gbọ́n! Ewé kí ni?"

"Ẹni tó ń tajà kì í bi ọjà léèrè orúkọ ìyá rẹ̀."

Òkéré rẹ́rìn-ín, ó dà bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n létí rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti ń fò. Ó ti rí gbogbo ìlú lójú ara rẹ̀, tí òrùlé ń dán, tí àwọn ọmọ ń sùn lábẹ́ rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ má pè é lólè o. Ìfẹ́ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ìfẹ́ náà ló dí i lójú.

"Ìwọ máa tà, èmi máa bá ẹ tọ́jú iṣu tí wọ́n bá san," ni Ìjàpá wí. "Tó bá tán, a ó jọ pín in."

Ni Òkéré bá gbé ewé karí, ó di ìlú. Ẹ bá mi gbè é:

*Ẹ wo ewé tó ń dán bí omi—*
Òjò ò wọlé!
*Ó fúyẹ́ lórí, ó tutù lójú—*
Òjò ò wọlé!
*Bàbá ń hanrun, ìyá ń hanrun—*
Òjò ò wọlé!
*Ọmọ ń sùn, ara rẹ̀ gbẹ táútáú—*
Òjò ò wọlé!
*Ẹ gbéṣu wá, ẹ gbélé lọ—*
Òjò ò wọlé!

Háà! Ìlú dà sí títì. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dé. "Òkéré, ṣé á lẹ́wà?" Òkéré ní, "Ìyá, tí ẹ bá jáde nílé, ẹ ó máa bojú wẹ̀yìn ni!" Ewúrẹ́ sáré lọ hú iṣu. Ẹni tó rà fún ilé, ó rà fún ilé ìdáná. Orin náà kò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọdé.

Ó ku Ètu. Opó ni, ó ní àwọn ọmọ wẹẹrẹ, etí ọ̀dàn níbi tí kò sí igi kankan ni ilé rẹ̀ wà. Apẹ̀rẹ̀ iṣu kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fẹ́ gbìn sóko bí òjò bá dé. Ó wo ewé náà, ó wo ojú Òkéré.

"Òkéré, ọmọ mi, ó dára lóòótọ́. Bí oòrùn bá pa á ńkọ́? Láti àárọ̀ dalẹ́ ni oòrùn ń bá ilé mi."

Òkéré la ẹnu. Kò mọ èsì. Ṣùgbọ́n orin ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, orin náà sì dùn.

"Ìyá, oòrùn á kí i, á kọjá!"

Ètu rẹ́rìn-ín. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jáde. Òkéré gbé e karí, ó ń lọ, ọrùn sì ń ro ó lọ́nà bí ẹni ru òkúta. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Ìjàpá ti sun ọ̀kan nínú iṣu Ètu, ó ti fi epo jẹ ẹ́.

Oòrùn ràn lọ́jọ́ kejì. Ó tún ràn. Òjò-ò-wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè létí. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá kọjá, gbogbo ìlú á máa dún pàràpàrà. Àwọn kan ní bóyá bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Òkéré pàdé Ewúrẹ́ lójú ọ̀nà, ètè Ewúrẹ́ ń dán.

"Òkéré, ọjà rẹ dára o! Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀."

"Kí ni, Ìyá?"

"Ó dùn jù. Àwọn ọmọ mi ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé wa tán. Èmi náà, má dá mi lẹ́bi, mo tọ́ ọ wò díẹ̀." Ó lá ètè. "Kì í ṣe díẹ̀ náà. Àṣé báyìí ni ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń dùn tí wọ́n bá fi àdí pa á lára?"

"Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹ̀?"

Ìrù Òkéré wálẹ̀. Ó sáré gun òrùlé Ewúrẹ́, ó já ewé, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó fò dé ilé Ètu, ó fi ìka kan ṣoṣo kan òrùlé. Ìka náà wọlé, ewé rún wómúwómú bí àkàrà gbígbẹ. Láti inú ihò yẹn ló ti rí Ètu nísàlẹ̀, tó ń tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ètu gbójú sókè.

"Ìwọ nìyẹn, Òkéré? O wá yẹ ilé wò fún wa? Ọmọ rere. Ojoojúmọ́ là ń ṣàdúrà fún ọ."

Òkéré bẹ́ sílẹ̀. Ó sáré lọ bá Ìjàpá.

Ìjàpá ti sanra. Ó jókòó sáàárín òkìtì iṣu, ó ń họ ikùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni!"

"Ta ló ní òun kọ́?"

"Ẹ ní ìlú òkèèrè lẹ ti rù ú wá!"

"Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn odò yẹn," ni Ìjàpá wí, "wo ẹsẹ̀ mi, kí o sọ fún mi bí kò bá jìnnà."

"Òjò ńkọ́? Òjò ń bọ̀!"

"Kó máa bọ̀. Ilé mi wà lẹ́yìn mi, ihò tìrẹ wà lórí igi. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Gbọ́, Baálẹ̀ fẹ́ bo ààfin. Iṣu ààfin nìyẹn, Òkéré! Lọ kọrin fún un. Kí òjò tó dé, a ti kúrò nílùú."

Òkéré wo ilẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ Ètu wà níbẹ̀, ó dojú dé.

"Mi ò kọrin mọ́."

Ìjàpá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohùn ta ni gbogbo ìlú gbọ́? Tìrẹ ni. Ta ló rí mi níbẹ̀? Bó o bá sọ̀rọ̀, orí rẹ ni wọ́n máa fọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń dé. Òkéré gun orí igi kan, ó fi ìrù bojú, ó sunkún. Ó rò ó pé kí òun sá lọ. Ta ló máa rí òkéré mú? Kò tíì sunkún tán tí nǹkan tútù fi fẹ́ ẹ létí. Ó gbójú sókè. Ní ìlà-oòrùn, òjò ti ṣú bí ìkòkò àdí. Òkéré rántí ẹní tí Ètu ń tẹ́. Kò sunkún mọ́. Ó sáré lọ sí àfonífojì.

Ọ̀yà ń di bẹẹrẹ. Kò yíjú. "Mo gbọ́ orin rẹ láti ibí. Orin náà dára. Ọjà náà kò dára."

Òkéré kúnlẹ̀. "Bàbá, mo ti ṣìṣe. Òkè ni àbí ìsàlẹ̀? Ẹ sọ fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ mọ̀."

Ọ̀yà sọ ìdì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti òkè á wá gun ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, omi á máa yọ̀ lọ." Ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Èmi náà jẹ̀bi, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí iná ti jó ni koríko yìí ti wà níbí. Wọ́n wá, mo fi ẹnu lé wọn. Mo ní bí ọjà bá ti dára, ó tó. Kò tó. Bí òjò bá pa ọmọ Ètu lónìí, kí ni koríko mi já mọ́? Dìde. Lọ pe ìlú, ohùn rẹ ni wọ́n máa gbọ́. Èmi á máa ru ìdì bọ̀ lẹ́yìn."

Ní àkókò yìí, Ìjàpá ti wà láàfin. Ojúkòkòrò kò jẹ́ kó lè dúró de ẹnì kankan. Ó ti fúnra rẹ̀ ru ewé lọ, wọ́n ti fi bo gbọ̀ngàn Baálẹ̀, iṣu ààfin sì wà níwájú rẹ̀ gègèrè. Ẹfọ̀n jókòó lábẹ́ òrùlé tuntun pẹ̀lú àwọn ìjòyè, ó ń yangàn. Ará ìlú wá wòran. Ni Òkéré bá já wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí Baálẹ̀ pẹ́. Mo wá jẹ́wọ́. Òrùlé tí mo tà fún ìlú kò dára. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo ń tà á, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n mọ̀. Ìyá Ètu bi mí léèrè ohun tí oòrùn máa ṣe é, mi ò mọ̀ ọ́n, mo fi orin dá wọn lóhùn. Ojú ọ̀run ti ṣú. Bẹẹrẹ Bàbá Ọ̀yà wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ kó o báyìí."

Ìjàpá wúkọ́ díẹ̀.

"Kí Baálẹ̀ pẹ́. Owú ló ń jẹ ọmọ yìí nítorí pé èmi ni mo wá bo ààfin. Èmi Ìjàpá ló ń sọ ọ́: bí omi òjò bá kán sínú ilé yìí pẹ́rẹ́, kí n dá gbogbo iṣu tí mo gbà padà, kí n sì fi ẹ̀yìn mi yìí ru koríko fún gbogbo ìlú!"

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí afẹ́fẹ́ fi dé. Fúùù! Òrùlé ní pàrààrà. Baálẹ̀ gbójú sókè. Ewé kan gbéra bí ẹyẹ, ó lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òjò wá dé, wààà! Gbogbo òrùlé wó lu orí wọn gbìì. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan rọ̀ mọ́ ìwo Ẹfọ̀n bíi fìlà, àdí ń ṣàn sí i lójú. Ewúrẹ́ nìkan ló rìn síwájú pẹ̀lẹ́, ó já ewé lórí ìwo Baálẹ̀, ó ń jẹ ẹ́.

"Ẹ má bínú, Baálẹ̀," ni ó wí, ẹnu rẹ̀ kún. "Ó ń bọ̀ wá bàjẹ́ náà ni."

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín nínú òjò.

Ìjàpá ńkọ́? Ó ti fa orí wọlé, ó ti fa ẹsẹ̀ wọlé. Ẹfọ̀n fi pátákò kan igbá ẹ̀yìn rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́.

"Onílé, àlejò dé o!"

Ohùn kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún: "Kò sẹ́nì kankan nílé."

"Kò burú," ni Ẹfọ̀n wí. "Ẹ máa kó ẹrù lé orí ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di bẹẹrẹ lé Ìjàpá lẹ́yìn. Ó ru, ó ru, láti àfonífojì dé òkè ìlú, nínú ẹrẹ̀, ó ń kùn, ó ń yọ̀ ṣubú, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọ ọ́ lórin: "Òjò ò wọlé!" Iṣu tó kó, oníkálukú gba tirẹ̀. Èyí tó ti jẹ, ó ro oko san án.

Baálẹ̀ yíjú sí Òkéré. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni mo tà á. Èmi ni n ó gun òrùlé."

Òjò àkọ́kọ́ yẹn kò pẹ́ kó tó dá. Ilé Ètu ni Òkéré kọ́kọ́ lọ. Àwọn ọmọ wà lábẹ́ ẹní tó rin gbingbin, wọ́n ń gbọ̀n. Ètu gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Èébú kò lè dun Òkéré tó bẹ́ẹ̀. Ó gun òkè. Ọ̀yà ti dàgbà jù, kò lè gun ilé, ó dúró nísàlẹ̀, ó ń pariwo: "Ìsàlẹ̀ ni mo wí! Fún un! Ó tún kù!" Òkéré fúyẹ́, ó ń rìn lórí igi òrùlé níbi tí ẹlòmíràn kò lè tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdì àkọ́kọ́ tó so kò dì, ó já, ó bọ́ lu Ọ̀yà lórí gbà!

Ará ìlú tó ń wòran fà sẹ́yìn. Wọ́n ń retí ọfà. Ọ̀yà la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á.

"Ẹ… ẹ kú iṣẹ́," ni Ọ̀yà wí.

Ètu ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rẹ́rìn-ín ni nǹkan kan tú nínú àyà Òkéré, ó tún ìdì náà so, ó sì dì.

Kí òjò ńlá tó dé, kò sí ilé kan ní Etí-Ọ̀dàn tí kò ní bẹẹrẹ lórí. Òkéré kò kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀yà mọ́. Ó jókòó, ó wò, ìrù ń yún un, ó wò síbẹ̀. Ó mọ èyí tó gbó, ó mọ èyí tí kò gbó. Ọ̀yà náà ń kọ́ṣẹ́ ní tirẹ̀. Ní ìdájí, wọ́n á máa gbọ́ ọ nínú koríko, tó ń dá sọ̀rọ̀: "Ẹ káàárọ̀. Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Iṣẹ́ náà le fún un ju bẹẹrẹ gígé lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ru bẹẹrẹ lọ tà ní ìlú kejì. Ìyá arúgbó kan, Òòrẹ̀, fẹ́ ra òrùlé odindi. Ó ti kó iṣu jáde. Òkéré ní kí ó dúró ná. Ó béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ó béèrè ibi tó ń dáná. Ó gun òkè, ó ti ọwọ́ bọ inú òrùlé àtijọ́, ó wá sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, ilé yín kò tíì nílò tuntun. Ibì kan ṣoṣo ló ń jò, ìdì kékeré kan á dí i. Ẹ gbé iṣu yín padà. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kí ẹ tó rà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ gbé ààrò yẹn jìnnà sí ògiri, bẹẹrẹ kì í bá iná ṣọ̀rẹ́."

Òòrẹ̀ wò ó títí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ọlọ́jà tó ní kí n má rà rí."

Ọ̀yà rí i pé ó kan òun láti sọ̀rọ̀. Ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni ó wí. Bẹ́ẹ̀, ilé ìyá náà ni wọ́n wà o!

Òòrẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gún ara rẹ̀ ń dún wọ́nkọ́wọ́nkọ́. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé: "Ẹ jáde! Ẹ wá rí àwọn ọlọ́jà kan! Wọ́n ní kí n má rà!" Kí oòrùn tó wọ̀, ìlú ti kún àyíká wọn, oníkálukú ń fa Òkéré lápá pé kó wá wo òrùlé tòun. Òkéré gbé ohùn sókè, ìrù rẹ̀ nà ṣánṣán, Ọ̀yà sì ń gbè é lẹ́yìn pẹ̀lú ohùn kan tó burú jáì, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé o. Ó kọ́ wa pé ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kó jókòó kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó sì mọ iṣẹ́, kó fi ọ̀yàyà gba àlejò. Ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú, ìkà lè gùn ún bí ẹṣin. Ìmọ̀ tí kò ní ọ̀yàyà, inú àfonífojì ni yóò gbó sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì lọ wádìí rẹ̀ wá.

Mo gbé àlọ́ tèmi kalẹ̀ síbí. Ẹni tó bá ní tirẹ̀, kó gbé e lé e.